Ṣé kí n tún un ṣe ni, tàbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Nínú oṣù yìí, n kò ní bá yín sọ̀rọ̀ ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní bá yín sọ̀rọ̀ aṣọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan tí ó ti wọ ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni mo mú wá, èyíinì ni kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Bí ẹrù ẹni bá wà nínú àpótí, ó yẹ kí olúwarẹ̀ mọ̀ bóyá àgádágodo àpótí náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ mi. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìlú Ìbàdàn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù keje ọdún 2025, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, mo jókòó ti láptọ́ọ̀pù mi láti tẹ ìbéèrè ìdánwò ìparí ọdún. Bí mo ti ṣí i báyìí ni ìkéde kan bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé Windows 10 tí mo ń lò yóò dé òpin ìtọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún náà, àti pé lẹ́yìn ọjọ́ yìí, ilé iṣẹ́ Microsoft tí ó ṣe é kò ní máa fi àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí i mọ́. Mo ní kí ó rán mi létí nígbà mìíràn, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún dé. Mo tún lé e lọ. Bí ẹni tí ń lé eṣinṣin kúrò lára ọbẹ̀ ni mo ṣe ń lé e títí oṣù náà fi parí.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ni mo ń ṣe. Ẹ̀rù ni ó ń bà mí.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀPÓTÍ

Láti ọdún 2018 tí mo ti ra láptọ́ọ̀pù náà ní tòkunbọ̀ ni mo ti ń kó gbogbo iṣẹ́ mi sínú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ mi wà níbẹ̀, ìbéèrè ìdánwò wà níbẹ̀, àwòrán àwọn ọmọ mi láti ìgbà tí wọ́n ti ń rákò sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ní ọdún 2019, mo fi fóònù gba ohùn ìyá mi sílẹ̀ nígbà tí ó ń ki oríkì ìdílé wa fún ọmọ mi àgbà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Ẹ óò gbọ́ ìyá mi tí ó ń kì í, tí ó ń kọ́, tí ó tún ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ náà fa ìborùn rẹ̀. Ní ọdún 2021, ìyá mi lọ sí ilé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n jí fóònù náà lọ́wọ́ mi nínú ọkọ̀ èrò. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó kù láyé ni ó wà nínú láptọ́ọ̀pù yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà sì sọ pé, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. Ejò ti bù mí jẹ rí. Láptọ́ọ̀pù tí mo kọ́kọ́ ní, Windows XP ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú XP dúró ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n gbà mí níyànjú pé kí n pààrọ̀ rẹ̀, mo sì gbé e lọ bá oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní àdúgbò. Ó bi mí bóyá nǹkan pàtàkì wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Àwòrán ìgbéyàwó mi ni, àti iṣẹ́ mi." Ó mi orí. Nígbà tí mo padà lọ gbà á, ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Windows tuntun wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán kan ṣoṣo mọ́. Ọkùnrin náà ní òun rò pé mo ti kó wọn sí ibòmíràn. Èmi náà rò pé òun ni yóò kó wọn. Láàárín ìrò méjì yìí ni àwòrán ìgbéyàwó mi sọnù sí.

Ẹ̀yin náà yóò rí i pé ẹ̀rù méjì ni ó dì mí mú. Bí mo bá fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, olè lè wọlé. Bí mo bá ní kí wọ́n tún un ṣe, ẹni tí ó ń tún ilé ṣe lè da ẹrù mi nù.

ÌMỌ̀RÀN MẸ́RIN

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi sọ pé, "Ẹ̀rọ yìí ti gbó. Nígbà tí àjọ rẹ bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, fi ra tuntun." Ìfẹ́ ni ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mo dá àjọ náà fún. Ọmọ wa àgbà ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní oṣù kẹsàn-án. Owó ilé ìwé ni, owó aṣọ ni, owó ìwé ni.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ pé kí n má da ara mi láàmú. Ó ní Windows tí òun ń lò ti dàgbà ju tèmi lọ, kò sì sí ohun tí ó ṣe é.

Ọkọ mi kékeré kan wà, àbúrò bàbá àwọn ọmọ mi, tí ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà dáadáa. Nítorí pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀, Akọ̀wé ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé. Òun ní, "Ìyàwó wa, ẹ gbé e wá, n óò fi tipátipá gbé Windows 11 wọ inú rẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ wà."

Ìyá ọkọ mi ni ó sọ ti ẹ̀kẹrin. Màmá tọ́ka sí ẹ̀rọ ìránṣọ Singer rẹ̀ tí ó wà ní igun yàrá. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ẹ̀rọ yìí ni mo fi rán aṣọ tí ọkọ rẹ wọ lọ sí ilé ìwé. Òróró ni mo ń fi sí i, n kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Kí ni ẹ ń fi gbogbo ìgbà pààrọ̀ nǹkan sí?"

Ọ̀rọ̀ Màmá ni ó dùn mọ́ mi nínú jù, nítorí pé ó bá ohun tí mo fẹ́ gbọ́ mu. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Mo bi ara mi pé, kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Singer Màmá àti láptọ́ọ̀pù mi?

ỌDẸ TÍ KÒ WÁ MỌ́

Akọ̀wé ni ó là mí lóye nígbà tí mo bi í ní ọjọ́ kejì. Ó ní kí n wo kọ̀ǹpútà bí ilé. Irin, gíláàsì àti ọ̀rá tí a ń fojú rí ni ògiri àti òrùlé. Windows ni alábòójútó tí ń gbé inú ilé náà: òun ni ó ń jí ẹ̀rọ, òun ni ó ń gba ohun tí a bá tẹ̀, tí ó ń wá ibi tí a tọ́jú ìwé sí, tí ó sì ń pinnu ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí kò ní wọlé. Kò sí alábòójútó kan tí ènìyàn dá tí kò ní àléébù. Ojoojúmọ́ ni àwọn onímọ̀ ń rí ihò tuntun lára ògiri náà, àwọn olè pẹ̀lú sì ń wá a. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe tí Microsoft ń fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣooṣù ni láti dí ẹnu ògiri wọ̀nyẹn.

Ní ibi tí ó sọ̀rọ̀ dé yìí ni ojú mi là. Singer Màmá kò ní ọ̀tá. Kò sí ẹni tí ó jókòó ní òkè òkun tí ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà wọ inú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù mi, ìgbàkúùgbà tí mo bá ti so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ó wà ní ojú títì gbogbo ayé. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Nítorí èyí náà ni àwọn tí ó ṣe Windows fi ń tún un ṣe lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n bá ní àwọn kò tún un ṣe mọ́, ẹ̀rọ náà kò ní kú ní ọjọ́ náà. Yóò máa jí, yóò máa tẹ̀wé, yóò máa kọrin. Bí ilé tí ọdẹ rẹ̀ kò wá mọ́ ni yóò rí: ilẹ̀kùn kò kúrò níbẹ̀, àgádágodo kò jábọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń rìn yí ilé ká ní òru. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ó ní kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ òun, òótọ́ ni ó sọ. Olè kò tíì kọjá ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni.

Mo wá rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017. Kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry jáde ní ọjọ́ náà. Bí ó bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, yóò ti gbogbo ìwé tí ó wà nínú rẹ̀ pa, yóò sì ní kí ẹni tí ó ni ín san owó tí ó tó 300 dọ́là kí òun tó ṣí i. Ó ran kọ̀ǹpútà tí ó ju 200,000 lọ ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán 80 nínú àwọn àjọ 236 tí ń bójú tó ilé ìwòsàn ìjọba ni ọ̀ràn náà kàn. Wọ́n dá ọkọ̀ tí ó gbé aláìsàn padà ní ibòmíràn, wọ́n sì fojú díwọ̀n rẹ̀ pé àdéhùn ìtọ́jú tí ó lé ní 19,000 ni wọ́n fagi lé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ gbọ́ ibi tí ẹ̀kọ́ wà. Microsoft ti dí ihò tí kòkòrò náà gbà wọlé láti oṣù kẹta ọdún náà, oṣù méjì gbáko ṣáájú. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ó kó o, Windows 7 ni ó wà nínú wọn, èyí tí wọ́n ṣì ń tọ́jú nígbà náà. Ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020 ni ìtọ́jú tirẹ̀ tó parí. Àtúnṣe ti jáde, àwọn tí ó ni ẹ̀rọ ni kò gbà á. Kì í ṣe ogbó ni ó ṣe wọ́n, àìtọ́jú ni. Ìgbà yìí ni mo mọ̀ pé ìbéèrè mi kò tọ́. Mo ti ń bèèrè pé, ṣé ẹ̀rọ mi ti gbó? Ohun tí ó yẹ kí n bèèrè ni pé, ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀?

OHUN TÍ MO KỌ́KỌ́ ṢE

Ọ̀nà yòówù tí n bá yàn, mo ti pinnu pé n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà kí n tó kó ẹrù mi jáde. Mo ra àpótí ìkóhunpamọ́ kékeré kan tí a ń fi okùn so mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo sì kó gbogbo ìwé, àwòrán àti ohùn inú rẹ̀ sí i. Àwọn tí n kò lè pàdánù láéláé, mo tún kó wọn sí ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohùn ìyá mi ni mo kọ́kọ́ kó. Lẹ́yìn èyí ni mo ṣe ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo yín fi sọ́kàn: mo gbé àpótí kékeré náà lọ sí orí kọ̀ǹpútà bàbá àwọn ọmọ mi, mo sì ṣí àwọn ìwé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò, ìrètí lásán ni. Nígbà tí ohùn ìyá mi jáde láti inú ẹ̀rọ mìíràn, mo jókòó sórí àga, mo sì mí kanlẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó di ọ̀rọ̀ ìṣirò.

ÌṢIRÒ NÁÀ

Èmi àti Akọ̀wé jókòó, a yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà kìíní ni kí a gbé Windows 11 wọ inú ẹ̀rọ náà. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí Windows 10 rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó lè gbé e. Ó ń fẹ́ RAM 4GB, ó ń fẹ́ àyè ìpamọ́ 64GB, ó ń fẹ́ ohun ààbò kékeré kan nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bí ọpọlọ ẹ̀rọ náà bá sì jẹ́ ti Intel, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé láti ìran kẹjọ, tí ó jáde ní ọdún 2017, sókè ni ó ń gbà. Ìran kẹfà ni tèmi. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Akọ̀wé pé ọgbọ́n wà tí a fi lè gbé e wọlé tipátipá, ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ ọ́ gbangba pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Akọ̀wé, bí ó bá jẹ́ nítorí ọdẹ ni a ṣe ń kó kúrò, kí ni a fẹ́ lọ ṣe ní ilé tí ọdẹ lè kọ̀ láti wá?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà fún mi. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ọ̀nà kejì ni kí a gba àfikún ọdún kan. Microsoft fi ààyè sílẹ̀ pé ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ yóò máa rí àtúnṣe ààbò Windows 10 gbà títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ẹni tí ó bá gbà kí ètò ẹ̀rọ rẹ̀ máa lọ sí ìpamọ́ Microsoft kò ní san kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè san 30 dọ́là. Ọ̀nà yìí dára fún ẹni tí ń fẹ́ àyè láti tu owó jọ, ṣùgbọ́n ìsinmi lẹ́nu ọ̀nà ni, kì í ṣe ilé.

Ọ̀nà kẹta ni kí n ra ẹ̀rọ tuntun. Ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ fi owó àjọ mi ṣe.

Ọ̀nà kẹrin ni èyí tí n kò gbọ́ rí. Akọ̀wé ní kì í ṣe Windows nìkan ni alábòójútó tí ó wà láyé. Ó sọ ìtàn Linux fún mi, èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ káàkiri ayé sì ń bá a tún ṣe títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Linux bí ni wọ́n ń pè ní Linux Mint. Kò gba owó. Ẹ̀rọ tí ó ní RAM 2GB lè gbé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB ni ó bá a lára mu. Èyí tí ó jáde ní ọdún 2024, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 22, wọ́n ti ṣe ìlérí pé àwọn yóò máa tọ́jú rẹ̀ títí di ọdún 2029.

ÌDÁNWÒ

Ohun tí ó mú mi gbà ni pé a lè dán an wò láìfọwọ́ kan ẹrù inú ilé. Akọ̀wé gbé Linux Mint sórí fláàṣì kan, a ti fláàṣì náà bọ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù, a sì jí ẹ̀rọ náà láti orí rẹ̀. Windows mi wà níbi tí ó wà, kò mọ̀ pé àlejò wọlé. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi dán an wò ní alaalẹ́.

Mo kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lè kọ Yorùbá, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Inú mi dùn nígbà tí mo rí ètò ìtẹ̀wé Yorùbá lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà nínú rẹ̀, tí ẹ, ọ àti ṣ sì jáde pẹ̀lú àmì ohùn wọn. Mo ṣí àwọn ìwé mi pẹ̀lú LibreOffice, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ṣí dáadáa, ṣùgbọ́n ìlà tábìlì inú díẹ̀ yẹ̀ kúrò ní àyè wọn. Ibẹ̀ ni mo tún ti bá àṣìṣe àtijọ́ mi pàdé. Àwọn ìwé tí mo kọ́kọ́ tẹ̀, fọ́ǹtì Yorùbá ayé àtijọ́ kan ni mo fi tẹ̀ wọ́n, irú èyí tí ó fi ẹ àti ọ jókòó sí ipò àmì mìíràn. Ibi tí kò bá ti sí fọ́ǹtì náà, àmì tí kò ní ìtumọ̀ ni ó ń hàn. Àṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi ti wà nínú ẹ̀wọ̀n láti ọjọ́ yìí, n kò sì mọ̀. Mo ń tún wọn tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ báyìí.

N kò ní tàn yín: gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ó lọ geere. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa dá wa lóró fún ọjọ́ méjì kí ó tó gbọ́ èdè Linux. Ìwé àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò tí ilé ìwé wa ń lò, tí ó ní ìṣirò aládàáṣe Excel nínú, kọ̀ jálẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà bàbá àwọn ọmọ mi ni mo ti ń ṣe ti èyí. Ṣùgbọ́n èsì ìdánwò, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni lọ́dún. Ẹ̀kọ́ ojúmọ́, ojoojúmọ́ ni.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, mo sọ ìpinnu mi. A fi RAM kún láptọ́ọ̀pù náà, a yọ àpótí ìpamọ́ àtijọ́ tí ń yí bí ọlọ, a fi ti ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní SSD sí i, a sì gbé Linux Mint wọlé. Àpótí àtijọ́ náà, a kò pa nǹkan kan rẹ́ nínú rẹ̀. Mo fi aṣọ dì í, mo sì tọ́jú rẹ̀. Owó tí mo fi ra ohun méjèèjì kò fọwọ́ kan owó ilé ìwé ọmọ. Kọ̀ǹpútà bàbá àwọn ọmọ mi, tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ìran kẹwàá, ni a gbé Windows 11 wọ̀ ní tirẹ̀. Ilé kan náà, ìpinnu méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ẹ̀rọ tirẹ̀ mu.

ẸNI TÍ Ó BÁ FẸ́ ṢE BÍ TÈMI

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò ní kí gbogbo yín ṣe ohun tí mo ṣe. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ so mọ́ ètò kan tí ó jẹ́ ti Windows nìkan, kí ó má ṣe fi Linux fa wàhálà. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè gbé Windows 11, kí ó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù kọ́kọ́ kó ẹ̀dà ẹrù rẹ̀ jáde, kí ó sì ṣí i wò. Kí ó bèèrè ẹni tí ń tọ́jú ètò tí ó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀, àti ọjọ́ tí ìtọ́jú náà yóò dópin. Kí ó wo ohun tí ẹ̀rọ náà lè gbé, kí ó wá wo iṣẹ́ tí òun fi ń ṣe, kí ó tó wo àpò rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ rí i pé bátìrì kún dáadáa, kí iná má baà lọ ní àárín iṣẹ́. Ẹ wá dátà tí ó tó. Ẹ má ṣe gba Windows ayédèrú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Bí ẹnìkan bá sì pè yín lórí fóònù pé Microsoft ni òun, pé òun fẹ́ bá yín tún kọ̀ǹpútà yín ṣe, ẹ pa fóònù náà, olè ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní kọ̀ǹpútà pàápàá, ọ̀rọ̀ yìí kò yọ yín sílẹ̀. Fóònù ọwọ́ yín ní alábòójútó tirẹ̀, òun náà sì ní ọjọ́ tí ìtọ́jú rẹ̀ ń dópin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, WhatsApp dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí àwọn fóònù tí ó ń lo Android 4.4. Bí fóònù yín bá sọ pé àtúnṣe dé, ẹ má ṣe lé e bí eṣinṣin bí mo ti ṣe.

Oṣù kẹsàn-án dé, ọmọ mi àgbà wọ aṣọ ilé ìwé tuntun. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo pè é jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi níwájú láptọ́ọ̀pù náà, mo sì tẹ ohùn ìyá mi. Ó ti gbàgbé pé òun ni ọmọ tí ó fa ìborùn. Nígbà tí ìyá mi ki oríkì dé ibi tí ó ti rẹ́rìn-ín, ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Màmá tí ó ń fi òróró sí Singer rẹ̀ ní igun yàrá gbé orí sókè, wọ́n ní, "Ẹ̀rọ yín yìí náà ń gba òróró, àbí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ń gbà á."

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a pàdánù ohun tí a fi ọwọ́ ara wa tọ́jú. Ó di oṣù tí ń bọ̀.